Igi Ìdáná Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Arúgbó

Omi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀kán mẹ́ta, tó, tó, tó, bí ìgbà tí omi bá ń kán sínú kànga jíjìn, lẹ́yìn náà ni agogo kékeré kan dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, mo wà lẹ́yìnkùlé ilé mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó, mo ń fi sáńpépà ha irin kan tó ti dógùn-ún. Irin bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, irin kì í bọ́ lọ́wọ́ èmi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, géètì tí ẹ bá rí tó ń ṣí láìké ládùúgbò wa, ọwọ́ mi ló ti jáde. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ ti géètì tirẹ̀ wò.

Mo wọlé. Sìdí, ọmọ mi obìnrin tó wà ní pólì, tó wá lo họlidé lọ́dọ̀ wa, ló jókòó sórí àga pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù lórí itan. Jagunjagun kan tó wọ aṣọ pupa ń rìn lójú ẹ̀rọ náà. Ó gba àárín abúlé kan kọjá, ó wọ ilé kékeré kan tí wọ́n fi koríko bo òrùlé rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó nídìí ààrò tí kò níná. Sìdí kò jẹ́ kí jagunjagun náà kí i. Ó gba iwájú ìyá náà kọjá bí ẹni pé òpó ilé ni, ó forí lé àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Sìdí, má ṣí i," ni mo wí.

Ó ti ṣí i. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, géèmù ni. Torí kéèyàn lè mú un ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀." Ó wá wò mí dáadáa. "Ẹ̀yin náà mọ eré yìí? Eré àtijọ́ ni o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni."

"Ta ló ń bi ta," ni mo dá a lóhùn. "Mo ti mọ ìyá yẹn kí n tó mọ ìyá tìẹ."

Mo padà sídìí irin mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ èyí fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. N kò kàwé kọjá pámárì síìsì. Bí ẹ bá gbé òyìnbó síwájú mi nínú ìwé, mo kàn ń wo ipa èèrà ni, ohun tí n kò sì tíì sọ létí ọmọ mi kan rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yorùbá, mo lè kọ ọ́ kó dúró gbọn-in bí géètì.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, ìdílé Mùsùlùmí, aláró ni ìyá tó bí ìyá mi. Iléṣà ni mo ti dàgbà, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ bàbá mi wà nígbà náà. Ilé tí a háyà kọjú sí ilé àwọn Dáre. Mẹ́tọ́díìsì ni àwọn, ilé wọn sì jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n fi pákó ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀. Bàbá àgbà wọn ti fi ìgbà kan kó kòkó pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé náà. Ọkùnrin náà ti kú, kòkó ti tán, ṣùgbọ́n òórùn kòkó gbígbẹ kò kúrò lára ògiri. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó kọjá, àtẹ̀gùn pákó ni mo máa ń rí.

Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti Dáre jókòó sí ní pámárì. Nígbà tí a jáde, òun lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, èmi lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Tíṣà wa sọ fún bàbá mi pé n kò ní orí ìwé. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, ọwọ́ ni Ọlọ́run fún èmi. Dáre ní tirẹ̀ ní orí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fún un ní ara. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà. Bí òjò bá rọ̀ tí òtútù mú, egungun ni yóò máa ro ó, ẹyinjú rẹ̀ a sì pọ́n bí ìyeyè. Kì í gbá bọ́ọ̀lù, kì í sáré. Bí àwa bá ń fò kiri ní ìta, òun a jókòó sórí àtẹ̀gùn, a máa jẹ́ rẹfirí fún wa láti ibẹ̀, kì í sì í ṣègbè.

Nítorí pé kì í lè jáde ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun fi gbé kọ̀ǹpútà kan wálé fún un. Wọ́n gbé e sí yàrá òkè, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Ní àdúgbò wa, kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. Géèmù kan ṣoṣo ló bá a wá, òyìnbó sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ìka Dáre a máa wú, kò lè tẹ bọ́tìnnì kó yára. Èmi kò lè kà. Bí a ṣe pín in nìyẹn: òun ni ojú, èmi ni ọwọ́. Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, tí wọ́n bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a ó jókòó sórí àpótí kan náà, èjìká dé èjìká. N kò fẹ́ yangàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yá. Ẹranko olórí mẹ́ta tó wà lórí afárá, ìgbà kejì ni mo pa á. Sìdí tó wà ní pólì, ìgbà kẹsàn-án ló tó rí tirẹ̀ pa. Mo kà á.

Ìtàn inú eré náà kò le. Gbogbo kànga ìlú kan gbẹ, ọba rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó lọ pọn omi wá láti ẹ̀yìn òkè. Màmá Àgbà, ìyá bàbá Dáre, a máa jókòó lẹ́yìn wa, a máa bó ẹ̀gúsí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò rí jagunjagun náà, ṣùgbọ́n Dáre a máa ròyìn fún un. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún un, ìyá náà mi orí.

"Ajíbógun nìyẹn," ló wí. "Ọmọ tó lọ bu omi òkun wá, tí wọ́n fi ṣe ìwòsàn ojú bàbá rẹ̀. Àwa ti ṣe tiwa tipẹ́. Ẹ wá jẹ uyán kó tó tutù." Uyán ni í pe iyán, nítorí pé Ìjẹ̀ṣà paraku ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ jagunjagun wa ní Ajíbógun. Dáre ló tẹ orúkọ náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.

Ìdí kànga tó wà lójú ọ̀nà nìkan lèèyàn ti lè fi ìrìn rẹ̀ pamọ́, kó lè bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Bí a bá dé ibẹ̀, omi a kán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, agogo a dún, ọkàn wa a balẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ kí a tó dé ìdí kànga, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà ti wọmi. Dáre a rẹ́rìn-ín. Èmi a máa bú ẹni tó mú iná lọ títí màá fi dé ilé wa.

Ohun tó dá wa dúró nínú eré yẹn, n kò rò pé ó dá ọmọ òyìnbó kankan dúró rí. Gbogbo ilé tí jagunjagun bá wọ̀ ló ní àpótí. Ní abúlé àkọ́kọ́, mo darí Ajíbógun sí ọ̀kan. Dáre gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ wo ohun tó wà níbẹ̀ ni."

Màmá Àgbà gbọ́. "Kí ló fẹ́ wò?"

"Àpótí onílé ni, Màmá," ni Dáre wí.

"Onílé ọ̀hún ń kọ́?"

"Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò wá."

Màmá gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Òṣogbo," orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn, "ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé yín nìyẹn? Ẹ óò wọlé onílé, ẹ óò sì máa tú ẹrù rẹ̀ lójú rẹ̀?"

Mo ní rárá, Màmá, ẹ má bínú. Ó ní kí a wọlé, kí a kí wọn, kí a dúró. Bí wọ́n bá fún wa, kí a gbà á. Ó di òfin. Bọ́tìnnì kan wà tí jagunjagun fi ń tẹrí ba, pín ló máa ń dún bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Kò sí ilé tí Ajíbógun wọ̀ láìtẹ bọ́tìnnì náà. Ó kí àgbẹ̀, ó kí alágbẹ̀dẹ, ó kí ajá kan nítorí pé Dáre kò mọ̀ bóyá àgbà kan ló para dà.

Báyìí ni a ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó náà, opó ni, nísàlẹ̀ òkè ńlá. Ilẹ̀kùn irin wà lára òkè náà, wọ́n sì ti tì í pa, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. A kí ìyá náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀, Dáre sì túmọ̀ rẹ̀: "Òtútù mú mi, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́." Dáre wo ojú ẹ̀rọ pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí òun náà máa ń sọ ni.

Màmá Àgbà ní, "Òtútù mú un, ẹ wá dúró ẹ ń kí i. Ṣé ìkíni ni yóò yá? Ẹ lọ ṣẹ́gi fún un."

A lọ. Inú igbó tí ìkookò kún ni igi wà. Sọ́ńdè kan gbáko ló ń gbà wá láti rí ìdì kan gbé wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó di ìdì kan, ó di méjì, ó di mẹ́tàlá. Igi bo ẹnu ọ̀nà débi pé Ajíbógun ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìyá náà kò yí ohùn padà. Inú bí mi, mo ní ìyá náà kò moore. Màmá Àgbà ní kí n pa ẹnu mi dé, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ òkè lọ́wọ́ kò ní fún ẹni tí kò tíì mọ ìwà rẹ̀.

Nígbà tí òjò wọlé wẹ́rẹ́, àìsàn Dáre dìde. Ẹ̀yìn ni bàbá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí bàbá òun dúró díẹ̀.

"Òṣogbo, má lọ síwájú láìsí mi. Mo fẹ́ fojú mi rí omi yẹn."

Mo ní, "Kí ni màá lọ ṣe níwájú, èmi tí n kò lè kà á?"

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Màmá Àgbà pè mí. Ó ní ilé pa rọ́rọ́, kí n tan ẹ̀rọ náà kí òun lè gbọ́ ohùn omi. Mo tan án. Oorun gbé ìyá náà lọ pẹ̀lú igbá ẹ̀gúsí lórí itan. Èmi àti opó nìkan ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti gbọ́ tí ìyá Dáre ń sọ fún ìyá mi pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí i lára kò dúró. Mo sọ fún ara mi pé bí a bá ń dúró de igi, Dáre lè má rí omi náà láyé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ó wu èmi tí wọ́n ní n kò ní orí ìwé, kí n jẹ́ ẹni tó ṣí òkè.

Mo ṣí àpótí ìyá náà. Kọ́kọ́rọ́ tàn yanran. Opó kò yí ojú. Mo la òkè kọjá dé kànga tó wà lódì kejì, mo fi ìrìn wa pamọ́ síbẹ̀. Omi kán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màmá Àgbà tají.

"Ṣé ó ti dé ibi omi?"

"Rárá, Màmá. Kànga lásán ni."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé Dáre wálé. Ọrùn rẹ̀ ti di bí okùn. A fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí Ajíbógun tó dúró ní ẹ̀yìn òkè.

"Báwo ló ṣe ṣí?"

Ẹnu mi yára ju ọwọ́ mi lọ. "Ìyá náà ló fún mi. Mo gbé ìdì kẹrìnlá sílẹ̀, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Kí ló sọ?"

"Òyìnbó ló jáde. Ṣé mo lè kà á ni?"

Dáre ní àṣà kan. Kí a tó gbéra, yóò ṣí àpò Ajíbógun, yóò ka ẹrù inú rẹ̀ sókè bíi tíṣà tó ń pe orúkọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Idà. Búrẹ́dì mẹ́ta. Okùn. Fìtílà." Ó dúró. Ìka rẹ̀ wà lórí ìlà tó kẹ́yìn, kò gbé e kúrò. Mo rò pé egungun ló tún ń ro ó, mo bi í bóyá kí n pe ìyá rẹ̀. Ó ní rárá.

"Kọ́kọ́rọ́," ló wí. Ó wá yí sí ẹ̀yìn. "Màmá, ìyá arúgbó yẹn ti fún Òṣogbo ní kọ́kọ́rọ́. Igi wa tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Màmá Àgbà pàtẹ́wọ́. Ó nawọ́ wá orí mi títí ó fi rí i, ó ní, "Ààrò tìrẹ náà kò ní kú." Èmi olè jókòó síbẹ̀, mo ṣe àmín.

Dáre rí omi náà. Sọ́ńdè mẹ́ta la fi rìn ín. Inú ihò àpáta ló wà, ó mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì bo ojú òun àtèmi. Dáre sún mọ́ ojú ẹ̀rọ. Ó ní, "Ó dára." Ó ku kí Ajíbógun pọn omi náà padà sílé, nítorí pé bó ṣe rìn lọ ni yóò ṣe rìn bọ̀. A ní ó di Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Kò dé Sọ́ńdè tí wọ́n fi tún gbé Dáre lọ, kò sì padà. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, n kò fọwọ́ kan irin.

Nígbà tí mo lọ kí Màmá Àgbà, ìbéèrè kan ló bi mí. "Ṣé Ajíbógun gbé omi ọ̀hún délé?"

"Ó gbé e délé, Màmá."

"Ó ṣeun," ló wí.

Kò pẹ́ tí a fi kó padà sí Òṣogbo. Láti ìgbà náà, ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi ni pé mo tan Dáre jẹ. Mo ń fi ẹnu gbéra ga kiri, mo ń kọ́lé, mo ń gbéyàwó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi gba irọ́ mi gbọ́ títí ó fi wọlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, Sìdí ké sí mi. "Bàbá, ẹ wá wo kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń bẹ̀rù." Mo jókòó tì í. Mo ní kó ṣí àpò jagunjagun náà, kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi ní Yorùbá.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá, ó hàn kedere."

Ìgbàkigbà tí wọ́n bá gbé ìwé òyìnbó wá bá mi, ohun tí mo máa ń sọ ni pé gíláàsì mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí wọ́n ti bí Sìdí. Lọ́jọ́ náà, ó rẹ̀ mí.

"N kò lè ka òyìnbó," ni mo wí. "N kò kà á rí."

Ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka lé ojú ẹ̀rọ, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀. "Idà. Búrẹ́dì. Okùn. Fìtílà. Kọ́kọ́rọ́ òkè."

"Ó tán?"

"Wọ́n kọ nǹkan sí abẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n ní, 'Jíjí ni a jí i, nínú àpótí opó.'"

Mo bi í bóyá àwọn tó tún eré náà ṣe ló fi kún un. Ó ní rárá, àwòrán nìkan ni wọ́n tún ṣe, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bó ṣe wà látijọ́ náà ni.

Ìka Dáre ni mò ń wò lọ́kàn mi, bó ṣe dúró lórí ìlà tó kẹ́yìn. Ó kà á. Ọmọ tí kì í ṣègbè ní rẹfirí, ó ka olè tí mo jà lójú ẹ̀rọ, ó pa á mọ́ sínú ara rẹ̀, ó yíjú sí ìyá àgbà rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pa irọ́ tí ẹnu mi kò lè gbé dúró. Ó gba ìbùkún fún mi. Èmi ni mo rò pé mo mọ nǹkan tí òun kò mọ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Sìdí. Òun ni ẹni àkọ́kọ́. Ó ní, "Kí ló dé tí kò bá yín wí?"

Ayé ti yí. Géèmù wà nínú àpò gbogbo ọmọ báyìí, wọ́n ń bá ẹni tó wà lókè òkun ta á, bí iná lọ, kò kàn wọ́n, wọn kì í dúró de Sọ́ńdè. Ẹnì kan lè jẹ́ ojú kó sì jẹ́ ọwọ́. N kò ní kó má dára. Ṣùgbọ́n mo sọ fún Sìdí pé kó padà lọ ṣẹ́ igi, kó gbé ìdì kan sí ẹnu ọ̀nà ìyá náà.

"Bàbá, kò ní sọ nǹkan mìíràn o. Mo ti wádìí rẹ̀. Igi yẹn kò wúlò fún nǹkan kan nínú eré náà."

"Mo mọ̀. Ṣáà gbé e síbẹ̀."

Ó gbé e síbẹ̀. Ìyá náà ní òtútù mú òun, ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́. Ìdì igi náà wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí a pa ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú irin mi. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan ké nínú eré náà, mo mọ̀ pé Sìdí ti tún wọ ilé onílé. Mo dá sáńpépà dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ bọ́tìnnì ìtẹríba náà, pín, kí àpótí tó ṣí.